Orin ohun èlò tí kì í parí: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ká tó gbà á sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Gìtá ni mo ń ta, mo ní kíbọ́ọ̀dù kékeré kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi sì ń lu gángan. Orin ohun èlò nìkan ni mo fẹ́ máa ṣe, mi ò fẹ́ fi ohùn ẹnu sí i. Fóònù mi kún fún ègé orin bí ogójì tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì sí ọ̀kankan tó parí nínú wọn. Mo ti ra interface, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà, mo ti ra máìkì, síbẹ̀ bí mo bá jókòó tì wọ́n, orí mi á kàn ṣófo ni. Ẹnì kan ní kí n máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹlòmíì ní kí n dúró de ìmísí, ẹnì kẹta là á mọ́lẹ̀ pé orin tí kò bá ti lọ́rọ̀, kì í ṣe orin Yorùbá. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é, láti ìgbà tí orin bá ti sọ sí yín lọ́kàn títí yóò fi di ohun tí ẹlòmíì lè gbọ́?

* * *

Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹnì kẹta yẹn kúrò nílẹ̀. Ìlù tí ẹnikẹ́ni ò kọrin sí ló ń jí ọba láàfin láàárọ̀. Òun náà ló ń ki ènìyàn, tó ń bú ènìyàn, tó ń sọ ibi tí oníjó máa gbé ẹsẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹnu nìkan ni kò sí. Àwọn tó lọ sílé ìwé orin náà ò fi í sílẹ̀. Fela Sowande kọ iṣẹ́ alápá márùn-ún fún ohun èlò olókùn ní 1944, Akin Euba sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá ọ̀nà tí dùùrù yóò fi máa hùwà bí ìlù. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun àjèjì lo fẹ́ ṣe.

Ìmọ̀ràn méjì tó kù ni à ń gbọ́ níbi gbogbo, àwọn tó ń fúnni sì pọ̀ lápá méjèèjì. Àwọn tó ní kí o máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ gbà pé ọwọ́ ló ń pe orin wá. Àwọn tó ní kí o dúró ní orin tí a fipá wá kì í lẹ́mìí. Ẹgbẹ́ kẹta náà sì wà tó jẹ́ pé ohun èlò tuntun ni wọ́n máa ń júwe fún èèyàn: ra máìkì tó dára jù, ra kọ̀ǹpútà tó yára jù, orin á máa wá.

Mi ò bá ọ̀kankan nínú wọn lọ tán. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ dára fún ìka, àmọ́ ọwọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá láìní ohun tó fẹ́ sọ, ibi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa gbà lọ, lójoojúmọ́. Ìmísí ní tirẹ̀ ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kún fóònù rẹ yẹn. Ogójì ègé orin kì í ṣe àìsí ìmísí. Ní ti ohun èlò, àwọn àgbà wa gba orin ńláńlá sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì kan láàárín yàrá.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀pọ̀ orin tí kò parí, tèmi àti ti àwọn tó ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi, ni pé kò sí ẹni tó tíì dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú orin yìí, ta ló ń sọ̀rọ̀, kí ló sì ń sọ? Títí tí a ó fi dáhùn ìyẹn, gbogbo ohun tí a bá gbà sílẹ̀, ìdánwò ni.

* * *

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí n tó fọwọ́ kan gìtá, mo máa ń wá gbólóhùn kan. Ó lè jẹ́ òwe, ó lè jẹ́ ìlà kan nínú oríkì ìdílé wa, ó lè jẹ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá kan lọ́jà. Mo máa sọ ọ́ sókè bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, láìkọ ọ́ lórin, mo máa gbà á sí fóònù, mo máa tún un sọ títí ẹnu mi á fi rí ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa lọ wá a lórí okùn gìtá.

Mú “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ”. Fi dò, re, mí kà á: re mí, dò mí dò, mí mí, re re, mí mí re. Ìró méjìlá ló wà níbẹ̀. Bí o bá mọ agogo kónkóló, wàá mọ̀ pé ìgbésẹ̀ méjìlá ni òun náà ń gbé kó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lu agogo náà lórí tábìlì, kí o sọ òwe yẹn lé e, wàá rí i pé orin ti ń jáde láìtíì gbé gìtá. Ibi tí gbólóhùn bá ti gùn ju agogo lọ, tàbí tó kúrú sí i, ibẹ̀ gan-an ni orin ti máa ń dùn, torí gbólóhùn á máa bọ́ sí ojú ibòmíràn nínú agogo ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá.

Dò, re, mí yẹn ń sọ bóyá o máa lọ sókè, o máa lọ sísàlẹ̀, tàbí o máa dúró. Kò sọ bí o ṣe máa jìnnà tó. Láti mí sí dò lè jẹ́ okùn kan sí èkejì, ó sì lè jẹ́ láti òkè gìtá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tìrẹ nìyẹn, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ ti máa yàtọ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíì.

Ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí wá ni èrè rẹ̀ bí olùgbọ́ ò bá mọ gbólóhùn náà. Ẹ rántí àmì gángan tí ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà máa ń lù láyé ìgbà kan. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, láti kéde orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ sí “Bólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?” Kò dí ìlù náà lọ́wọ́ rárá, àní òun gan-an ló jẹ́ kí wọ́n máa rántí rẹ̀. Olùgbọ́ máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí etí Yorùbá máa ń mọ̀ bí ohun èlò bá ń sọ̀rọ̀ àti bó bá kàn ń pariwo.

* * *

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo orin ò wá ní jọra báyìí? Ohùn mẹ́ta náà ni gbogbo wa ní.”

Ohùn mẹ́ta náà la fi ń sọ gbogbo ohun tí a ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́, a ò sì tíì fi sú ara wa. Ohun tó máa ń jẹ́ kó jọra ni bí ènìyàn bá ń tẹ̀ lé gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Sọ ọ́ tààrà lẹ́ẹ̀kan. Sọ ìdajì rẹ̀. Jẹ́ kí ohun èlò mìíràn parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ kí o máa lọ síbi tó wù ọ́, kí o tó padà wá sọ ọ́ tààrà. Àwọn onílù wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígboro ní gbogbo ọjọ́ ìnáwó.

* * *

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ nínú orin, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú, kálukú ló ní ìwọ̀nba ohun tó ń lù, tó sì ń tún un lù láìyẹsẹ̀. Gúdúgúdú ò tilẹ̀ ní ọ̀ṣán tí onílù lè fún mọ́ra kí ohùn rẹ̀ lọ sókè sódò, síbẹ̀ bó bá dákẹ́, ijó á tú. Ẹgbẹ́ King Sunny Adé náà gba ọ̀nà yìí. Fetí sí ohun tí wọ́n ṣe láyé 1980 síwájú: gìtá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń ta ìró mẹ́ta kò kúrò lórí mẹ́ta rẹ̀, èyí tó ń dáhùn ń dáhùn, gìtá onírin tí Demola Adepoju ń fà sì ń gba òkè wọn kọjá. Bí gìtá bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ṣì ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tó fà á ni pé kò sí méjì tó ń bá ara wọn du ọ̀rọ̀.

Orin tí kò parí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwa tá a ń dá ṣe é nínú yàrá, ẹlẹ́nu púpọ̀ ni. Gìtá ń sọ̀rọ̀, kíbọ́ọ̀dù ń sọ̀rọ̀, báàsì ń sọ̀rọ̀, gángan tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ò ráyè. A wá rò pé ohun kan ló kù, a tún fi ohun èlò kan kún un, ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ sí i.

Nítorí náà, mo ní òfin kan tí mi ò kì í rú: ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni méjì mú ilẹ̀ dúró, agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ka àkókò. Mi ò ní fi ohun karùn-ún sí i títí orin náà yóò fi lè dúró pẹ̀lú mẹ́rin wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá fẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn kan máa ní òfin yìí le jù, pé ó ń dí ọgbọ́n lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n máa ń wá nígbà tí àyè bá há, torí wàá wá ohun tí gìtá kan lè ṣe tí o ò tíì ṣe rí.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Pa ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu lórí kọ̀ǹpútà, kí o fetí sí àwọn tó kù. Bí wọn ò bá lè mú ènìyàn mi orí fún ìṣẹ́jú méjì, ìṣòro ò sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

* * *

Ó ti yá ká sọ ti click, ìró kọ-kọ-kọ tó ń ka àkókò sí olórin létí. Ìjà tó wà lórí rẹ̀ kò tíì parí, bóyá ló sì máa parí.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sítúdíò ní kò sí bí a ṣe lè gé orin, ká lẹ̀ ẹ́, ká gbé apá kan sí ibòmíràn, bí kò bá sí click. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn onílù ní click ń pa orin. Òótọ́ làwọn náà sọ. Ohun tí apá méjèèjì kì í sábà béèrè ni ẹni tó ń darí. Nínú dùndún, ìyá ìlù ló ń pe ìyípadà, òun ló ń mú eré pọ̀ sí i, òun ló ń dín in kù. Bí o bá kọ́kọ́ gba àwọn omele, ìyẹn àwọn ìlù tó ń ti ìyá ìlù lẹ́yìn, sílẹ̀ lórí click, tí o wá pe ìyá ìlù pé kó wá lù ú lé wọn lórí, o ti sọ olórí ilé di àlejò.

Mo wà ní sítúdíò kan ní Èkó lọ́jọ́ tí wọ́n fi click sí bàbá onílù kan létí. Bàbá lù ú díẹ̀, ó bọ́ headphone sílẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ta ni ìyá ìlù níbí?” Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ ẹni tí òun ń tẹ̀ lé ni. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yọ click kúrò, ó kó gbogbo wọn sínú yàrá kan ṣoṣo, wọ́n sì lù ú pọ̀. Èyí tí wọ́n lù pọ̀ yẹn ni wọ́n lò. Eré rẹ̀ yára sí i níparí ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ohun tó sì ń mú kí ènìyàn dìde nìyẹn.

Ètò tí mo wá ń tẹ̀ lé rèé. Àkọ́kọ́ ni atọ́nà: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń lu agogo jókòó pọ̀, kò sí click, wọ́n á ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pọn dandan kó dára jù. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ ni bí orin ṣe gùn tó, ibi tó ti yí padà, àti eré rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń mú ilẹ̀ dúró á wá ṣe tiwọn lórí atọ́nà yìí. Ìgbẹ̀yìn ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tún máa padà wá, á gbọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ létí, á sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Nígbà náà ni mo máa pa ohùn atọ́nà rẹ́. Agogo rẹ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀, torí ó máa ń ní ẹ̀mí.

Bí o bá fẹ́ gé e kí o sì lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, Reaper àti irú rẹ̀, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba orin sílẹ̀, lè jẹ́ kí o fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ wá máa tẹ̀ lé orin dípò kí orin máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Iṣẹ́ alápá líle ni, ó máa ń gba ọwọ́ àti sùúrù, àmọ́ ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Orin tí o bá fẹ́ kí DJ lò, tàbí tó jẹ́ ìlù kọ̀ǹpútà ló gbé e dúró, lo click láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò bá ọ jà.

Ohun kan tí mo rí tó ń da àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láàmú: wọ́n ń fi headphone aláìníwáyà gba orin sílẹ̀. Bluetooth máa ń pẹ́ kó tó gbé ohùn dé etí, o ó máa rò pé ọwọ́ rẹ ni kò bá ìlù mu. Lo oníwáyà. Kí o sì dín buffer, ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, kù sí 128 nígbà tí o bá ń gbà á sílẹ̀, kí o tún gbé e sókè nígbà tí o bá ń po ohùn pọ̀.

* * *

Àwọn kan nínú yín ní kí n sọ ti ariwo àdúgbò. Mo mọ̀ pé kò sí nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n bí ènìyàn ò bá rí wákàtí tó lè gba nǹkan sílẹ̀, ètò wo ló kù?

Wákàtí tó dára jù lọ́dọ̀ tèmi ni ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí àwọn aládùúgbò ò tíì tan jẹnẹrétọ̀. Fáànù ti dákẹ́, fíríìjì ti dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi ti dákẹ́. Báńtírì kọ̀ǹpútà alágbèéká á gbé interface kékeré tó ń gba agbára láti ojú USB, ó sì tó iṣẹ́ wákàtí kan sí méjì. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú báńtírì: iná wa ń lọ ní 50 Hz, bí ilé ò bá ní wáyà ilẹ̀ tó dára, wàá gbọ́ “ùùùù” lábẹ́ gìtá iná rẹ. Yọ ṣájà kúrò, kí o sì tún gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ló máa parí sí.

Òjò lórí páànù, kò sọ́gbọ́n tí ènìyàn lè dá sí i. Gba gìtá iná sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí o fi gángan sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rinrin náà máa ń dẹ awọ ìlù, ọyẹ́ á sì mú un le, nítorí náà ìlù tí ẹ gbà sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ lè má bá ti oṣù kìíní mu. Ẹ parí gbogbo ìlù orin kan láàárín ọjọ́ tó sún mọ́ra.

Máìkì gángan: má gbé e sún mọ́ awọ tìmọ́tìmọ́. Fi bí ìdajì mítà sí mítà kan sílẹ̀, kí máìkì kọjú sí awọ ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí o lè gbọ́ ọ̀ṣán tó ń rún àti kọ̀ǹgọ́ tó ń bọ́ lé awọ papọ̀. Fi bẹ́ẹ̀dì dúró sí ẹ̀yìn onílù, fi aṣọ kọ́ sára ògiri tó kọjú sí i. Jẹ́ kí ohùn máa wà ní bíi -18 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn inú kọ̀ǹpútà, kó má kọjá -6 níbi tó bá ti pariwo jù. Ìwọ̀n gbígbà sílẹ̀ 24-bit, 48 kHz tó fún ohun gbogbo tí a ń ṣe níbí. Ó parí.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé kí a fi àwọn onílù sílẹ̀, pé loop gángan, ègé ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tí ẹ̀rọ á máa tún lù, pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rọrùn, kò sì gba owó ọkọ̀.

Mo lòdì sí èyí gidigidi. Loop gángan tó wà níta, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Onílù kan ló ń sọ nǹkan. Ó lè jẹ́ oríkì ìdílé kan, ó lè jẹ́ èébú, ó lè jẹ́ pé ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. O wá gé e sí méjì, o yí ohùn rẹ̀ sókè kó bá gìtá rẹ mu, o ń tún un lù nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù máa gbọ́ ẹni tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Gbólóhùn tìrẹ tí o fi bẹ̀rẹ̀ orin náà, ta ni yóò sọ ọ́? Loop ò lè dá ọ lóhùn.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, mo lè gbà pé kí ènìyàn lo loop wọn bí kò bá rí ẹni tí yóò lù wọ́n. Ohun tó ń fọhùn, rárá.

Bí o bá sì pe onílù, sọ ti owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Sọ bóyá owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni tàbí ó máa ní ìpín nínú ohun tí orin bá mú wálé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp. Àríyànjiyàn tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni ti ẹni tó ni orin. Bí onílù bá kàn sọ gbólóhùn tí o fún un, ìwọ lo dá orin. Bó bá jẹ́ pé òun ló mú gbólóhùn wá, tí gìtá rẹ sì ń tẹ̀ lé e, ẹ jọ dá a ni, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dá ẹ̀tọ́ ẹni tó lu ohun èlò mọ̀ pẹ̀lú, lọ́tọ̀ sí ti ẹni tó dá orin. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí orin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ náà, sọ ọ́. Ìbátan kò ní kí a má sọ̀rọ̀ owó.

* * *

Padà sí ogójì ègé inú fóònù.

Àwọn kan ní kí o pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí o bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Àwọn mìíràn ń tọ́jú ohun gbogbo títí ayé. Èmi máa ń yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ láti fetí sí wọn nìkan, láìgbé ohun èlò kankan dání. Ọjọ́ tí mo bá ń dá orin, mi ò kì í gbọ́ àwọn àtijọ́. Ọjọ́ tí mo bá ń gbà á sílẹ̀, mi ò kì í dá orin. Ọjọ́ tí mo bá ń gé e tí mo ń po ó, mi ò kì í gba nǹkan tuntun. Mo rí i pé bí mo bá da mẹ́ta yìí pọ̀, ẹni tó ń dá orin nínú mi á máa bẹ̀rù ẹni tó ń gé e, kò ní lè sọ nǹkan kan jáde.

Lọ́jọ́ ìfetísílẹ̀, fún ègé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Má fi nọ́ńbà àti ọjọ́ tí fóònù fún un sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fi gbólóhùn tí o gbọ́ nínú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí o ò bá gbọ́ gbólóhùn kankan nínú rẹ̀, gbé e sí ibòmíràn, ó lè wúlò fún omele lọ́jọ́ kan. Wàá rí i pé méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ apá orin kan náà tí o ti ń wá látọjọ́ yìí.

Kí o tó wá gba èyí tí o bá yàn, ta á fún ènìyàn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Fela Aníkúlápó Kútì máa ń ta orin ní Shrine, ilé ijó rẹ̀ ní Èkó, fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e lọ sí sítúdíò, bó bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, kì í sábà ta á mọ́. Orin náà ti gbó lójú àwọn ènìyàn kó tó dé ojú máìkì. Àwa ń ṣe é sódì: à ń gba orin tí a bí lónìí sílẹ̀ lónìí, a wá ń ṣàtúnṣe rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Kò dìgbà tí o bá ní Shrine. Ta á nínú ilé ní ìrọ̀lẹ́, ta á lẹ́yìn ìpàdé ọ̀dọ́. Wo ibi tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ibẹ̀ ni orin ti gùn jù.

Ẹ̀yin tó ń bi mí bí ó ṣe yẹ kó gùn tó, ohun tí a fi ń tọ́jú orin ló máa ń pinnu ìyẹn. Àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ò gbà ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan, àwọn olórin sì gé orin wọn mọ́ ọn. Nígbà tí àwo ńlá dé, tó lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lójú kan, jùjú àti Afrobeat gbòòrò. Lónìí kò sí ohun tó dè ọ́. Ìyẹn ló fi yẹ kí ìwọ fúnra rẹ dá ààlà sí i nígbà tí o bá ń gba atọ́nà, kí o má sì sún ààlà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn.

* * *

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo ni màá wá mọ̀ pé ó ti parí? Èwo ni kí n sì kọ́kọ́ mú?”

Ó parí nígbà tí o bá lè pa ohun èlò kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, tí ọkàn rẹ sì fẹ́ kó padà. Èyí tí ọkàn rẹ ò bá wá, yọ ọ́ kúrò. Tí kò bá sí èyí tó kù láti yọ, po ó, gbọ́ ọ nínú mọ́tò, gbọ́ ọ lórí fóònù láìsí headphone. Bí o bá ṣì ń gbọ́ gbólóhùn náà lórí fóònù, gbé e jáde. Má da ara rẹ láàmú pé kó pariwo ju ti ẹlòmíì lọ, torí àwọn ojú òpó orin máa dín in kù fúnra wọn. Spotify máa ń mú un wá sí bíi -14 LUFS, òṣùwọ̀n bí orin ṣe pariwo tó.

Ní ti èwo ni kí o kọ́kọ́ mú: pa fóònù. Èyí tí o bá lè fi ẹnu hùn láìgbọ́ ọ ni. Wá gbólóhùn fún un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, pe ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ní Sátidé, kí ẹ gba atọ́nà pẹ̀lú gángan àti agogo, fóònù nìkan, kọ̀ǹpútà kó wà ní pípa. Gbé e síbí ká gbọ́, kí o sì kọ gbólóhùn náà sí abẹ́ rẹ̀, káwọn tó mọ ìlù nínú wa lè sọ fún ọ bóyá gángan sọ ọ́ bí o ṣe kọ ọ́.